Mọ́tà símẹ́ńtì òun ọ̀dà lábẹ́ síláàbù ojú irin: èròjà àfikún wo ló ń ba àpòpọ̀ yìí jẹ́?

#1 — LáàbùKejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mọ́tà símẹ́ńtì òun ọ̀dà (ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì) tó máa ń wà láàrin síláàbù ojú irin (kọnkéré pẹlẹbẹ tí irin wà lórí rẹ̀) àti ìpìlẹ̀ kọnkéré ni ìbéèrè mi dá lé. Irú tó rọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń dà sínú àpò aṣọ, tó nípọn tó 50 mm, bíi ti Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára ní Japan, àti CRTS I, irú kìíní síláàbù ojú irin ayára ní Ṣáínà. Àpòpọ̀ fún 1 m³ nìyí:

Símẹ́ńtì 280 kg
Èròjà amúwú 30 kg
Ọ̀dà olómi 480 kg (60% rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà gan-an, ọṣẹ inú rẹ̀ ní àmì iná +)
Yanrìn tó kọjá asẹ́ 1.18 mm, 580 kg
Rọ́bà olómi SBR 45 kg (ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi)
Omi 60 kg
Apafófó 0.15 kg
Lúbúlúbú alumíníọ̀mù 40 g

Mọ́tà gbóná tó 32 °C nígbà tó jáde nínú ẹ̀rọ. Nínú àrọ, ó ṣàn tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 21. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó di 34. Lítà kan wúwo 1.39 kg. Wíwú ní wákàtí 24 jẹ́ 0.6%. Agbára ọjọ́ 28 (ìtẹ̀ tí mọ́tà lè gbà kó tó fọ́) jẹ́ 1.6 MPa. Nígbà tí a gé àpò ìdánwò, ìfófó tó nípọn tó 4 mm ló bo ojú mọ́tà, ó rọ̀ débi pé èékánná ń wọ̀ ọ́.

Ohun tí a ti ṣe: a fi omi 25 kg kún un, ó ṣàn dáadáa, àmọ́ yanrìn sìlẹ̀. A sọ alumíníọ̀mù di 55 g, ìfófó pọ̀ sí i, wíwú kò kọjá 0.7%. A fi polycarboxylate 1% sí i kó lè dín omi kù, ni ọ̀dà bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣùpọ̀ mọ́ abẹ ẹ̀rọ. Kí la tún lè fi kún un?

#2 — Ọ̀dàDúdú

Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ló ń bá ara wọn jà.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mọ́tà CRTS I ni pé kó ṣàn tán nínú àrọ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 18 sí 26, kó sì ṣeé lò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, 8 sí 12%. Wíwú, 1 sí 3%. Agbára, 0.1 MPa lọ́jọ́ kìíní, 0.7 lọ́jọ́ keje, 1.8 lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ìwọ̀n líle, 100 sí 300 MPa. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Tìmùtìmù ni mọ́tà yìí. Bí ẹ bá tìtorí pé agbára kù díẹ̀ káàtó kí ẹ bu símẹ́ńtì sí i, líle rẹ̀ á kọjá 300, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dà á sábẹ́ síláàbù á sì bọ́.

Ẹ wo ìwúwo tí ẹ kọ sílẹ̀, ó ti dá yín lóhùn. Símẹ́ńtì 280 ÷ 3.1 jẹ́ 90 lítà. Amúwú 30 ÷ 2.9, 10. Ọ̀dà olómi 480 ÷ 1.01, 475. Yanrìn 580 ÷ 2.63, 221. Rọ́bà 45, omi 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 901 lítà, ó sì wúwo 1475 kg. Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, lítà kan ì bá wúwo 1.64 kg. Tiyín jẹ́ 1.39. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ 15% ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára ti sá lọ. Ẹ fa afẹ́fẹ́ yẹn wá sí 10%, ẹ ó rí i pé agbára á gòkè láìfọwọ́ kan símẹ́ńtì.

Ti omi 25 kg yẹn: omi inú ọ̀dà jẹ́ 192 kg, ti inú rọ́bà tó 22, èyí tí ẹ bù sí i 60. Àpapọ̀ 274 lórí símẹ́ńtì àti amúwú 310, tó jẹ́ 0.88. Ẹ ti sọ ọ́ di 0.96. Yanrìn ò lè ṣàì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀.

#3 — ÌyáKẹ́míkà

Ọ̀dàDúdú ti ṣe ìṣirò, èmi á sọ̀rọ̀ lórí àmì iná, torí òun ló ṣe polycarboxylate yẹn léṣe.

Ọ̀dà kì í dá dúró nínú omi. Ọṣẹ ló wé wóró ọ̀dà kọ̀ọ̀kan, tí kò jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ọṣẹ tiyín ní àmì +. Polycarboxylate ní àmì −, èròjà adín-omi-kù tí wọ́n fi naphthalene ṣe náà ní −. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú omi kan náà, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ọ̀dà á bọ́ sí ìhòòhò, á sì ṣù. Èròjà yẹn dára o, àmọ́ kì í ṣe ilé rẹ̀ nìyí. Ilé rẹ̀ ni mọ́tà líle, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ní àmì −.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín ni pé: rọ́bà SBR yẹn, kí ni àmì tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ SBR tí wọ́n ń tà ló jẹ́ −. Ẹ wo ìwé tó bá a wá. Bí kò bá sí nínú ìwé, ìdánwò rẹ̀ ò le:

Ẹ bu ọ̀dà olómi 100 g sínú ife, ẹ fi rọ́bà 10 g àti omi 10 g kún un, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ dà á kọjá nínú asẹ́ 1.18 mm, ẹ fi omi ṣan asẹ́ náà. Kò yẹ kí nǹkan kan ṣẹ́ kù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe, àmọ́ ẹ fi omi símẹ́ńtì rọ́pò omi lásán: símẹ́ńtì ìwọ̀n kan nínú omi ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹ rò ó, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lo omi tó mọ́. Rọ́bà tó yege nínú omi lásán lè ṣùpọ̀ nínú omi símẹ́ńtì nítorí kálísíọ̀mù tó wà níbẹ̀. Gbogbo èròjà olómi tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ kọ́kọ́ mú un gba ojú asẹ́ yìí. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ó sì sàn ju kéèyàn máa họ ọ̀dà kúrò lára abẹ ẹ̀rọ.

Bí SBR yín bá jẹ́ −, ẹ wá èyí tó jẹ́ + tàbí èyí tí kò ní àmì rárá. Àwọn kan máa ń fi ọṣẹ aláìní-àmì kún un kí wọ́n lè fi pẹ̀tù sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọṣẹ ni: á hó.

#4 — OníAlumíníọ̀mù

Ìfófó 4 mm yẹn, mi ò rò pé afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Alumíníọ̀mù nínú omi símẹ́ńtì ń tú gáàsì háídrójìn jáde. 1 g tó bá ṣiṣẹ́ tán pátápátá nínú omi yẹn á fún wa ní nǹkan bíi lítà 1.3 ní ìwọ̀n ooru 20 °C. 40 g yín jẹ́ lítà 53. Nínú 1 m³, ìyẹn tó fún wíwú 5.3%. Wíwú tí ẹ rí jẹ́ 0.6%. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Nígbà tí ẹ sì sọ ọ́ di 55 g, gáàsì á ti tó lítà 73, wíwú fi 0.1% péré lé sí i, ìfófó ló pọ̀.

Gáàsì yín ń jáde nígbà tí mọ́tà ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ní 32 °C, lúbúlúbú wẹ́wẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó jáde kó tó wọ inú àpò ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí mọ́tà ṣì ń ṣàn, gòkè lọ kó jọ sábẹ́ síláàbù. Ó yẹ kí gáàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde nígbà tí àpò bá ti kún, kó sì parí kí símẹ́ńtì tó dì. Bó bá yá jù, ẹ pàdánù rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, bí ìgbà tí ooru bá lọ sísàlẹ̀ 10 °C, á máa wú nínú mọ́tà tó ti dì, á sì là á.

Ẹ po báketì mẹ́ta: èkíní bó ṣe wà, èkejì láìsí alumíníọ̀mù, ẹ̀kẹta láìsí rọ́bà. Ẹ dà wọ́n sínú àwo tí ara rẹ̀ hàn, ẹ wọn ìfófó lójú kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kejì. Bí èkejì bá já wálẹ̀ láti 4 mm sí 1 mm, gáàsì ni ọ̀rọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ló já wálẹ̀, ọṣẹ inú rọ́bà ni.

#5 — LáàbùKejì

Ẹ ṣeun gan-an. Ìwé tó bá SBR wá sọ pé kò ní àmì, àwa náà á sì fi asẹ́ dán an wò. Ohun kan ò yé mi: bí 1 g bá ń fúnni ní lítà 1.3, wíwú 2% jẹ́ 20 lítà, 15 g á ti tó. Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń lo 40 g?

#6 — OníAlumíníọ̀mù

Torí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ lásìkò. Ara alumíníọ̀mù ti dípẹtà díẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín, èyí tó ti dípẹtà kì í tú gáàsì. Wọ́n sì máa ń fi ọ̀rá stearic wé e nígbà tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́. Ọ̀rá yẹn kì í jẹ́ kó tètè rin, ó tún máa ń jẹ́ kó léfòó. Mọ́tà fúnra rẹ̀ náà ń rọlẹ̀ díẹ̀ kó tó dì, ara wíwú lẹ ó ti san gbèsè yẹn. Nítorí náà 40 g kì í ṣe àṣejù ní 20 °C. Ní 32 °C, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 25.

Bí a ṣe ń pín in náà ṣe pàtàkì. Síláàbù CRTS I gùn tó 4.96 m, ó fẹ̀ tó 2.4 m, mọ́tà 50 mm lábẹ́ rẹ̀ kò ju 0.6 m³ lọ. 40 g fún 1 m³ di 24 g fún síláàbù kan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bù ú tí ẹ ṣì í ní 5 g, ẹ ti fi ìdá márùn-ún ṣì í. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n, ẹ pò ó mọ́ amúwú gbígbẹ 500 g nínú ike tó ní ìdérí, ẹ wá po ìyẹn mọ́ amúwú tó kù. Ẹ má dà á sínú omi ní tààrà, á léfòó, á ṣù síbì kan, ibẹ̀ á wú, ibòmíràn á sì jin.

Lúbúlúbú yìí máa ń gbaná bó bá fò sínú afẹ́fẹ́, gáàsì rẹ̀ náà sì ń jó. Kò gbọdọ̀ sí ṣáná tàbí ẹ̀rọ tó ń ta pàràpàrà nítòsí, ibi tí ẹ ti ń pò ó sì gbọ́dọ̀ ní fèrèsé. Ẹ fi pamọ́ síbi tí ọ̀rinrin kò lè dé.

#7 — Olóoru

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ooru ló wà nídìí rẹ̀. Ní 32 °C, gáàsì ń sáré, ọ̀dà ń tètè lẹ̀ mọ́ símẹ́ńtì, símẹ́ńtì náà ń sáré. Ẹ mú mọ́tà tutù kí ẹ tó ra èròjà mìíràn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á ní omi ni kí wọ́n fi sínú fíríìjì. Omi tí ẹ ń bù kò ju 60 kg lọ. Mo ṣe ìṣirò ooru tó wà nínú àpòpọ̀ yín: ó gba nǹkan bíi 2430 kJ láti mú 1 m³ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n 1 °C. Bí ẹ bá mú omi 60 kg yẹn láti 30 °C wá sí 5 °C, mọ́tà á fi 2.6 °C péré tutù. Bí ẹ bá mú ọ̀dà olómi 480 kg láti 32 wá sí 22, á fi 5.5 °C tutù. Inú ọ̀dà olómi ni ooru pọ̀ sí. Ẹ bo táǹkì rẹ̀, ẹ yí omi tútù ká a, ẹ pò ó ní òwúrọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 5 °C, torí bó bá dì bíi yìnyín, bó yọ́ padà, ọ̀dà á ti yà kúrò lára omi.

Ẹ lè fi yìnyín 30 kg rọ́pò ìdajì omi yẹn. Ìyẹn nìkan á fa nǹkan bíi 4 °C kúrò sí i. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán kí èròjà gbígbẹ tó wọlé. Yìnyín tó bá yọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti fi àrọ wọ̀n ọ́n á sọ ìwọ̀n yín di irọ́.

#8 — Síláàbù50

Ẹ̀gbọ́n Olóoru, ta ló fẹ́ máa gbé yìnyín lọ sí orí afárá? Sodium gluconate 0.1% ìwọ̀n símẹ́ńtì ti tó. Á fa símẹ́ńtì sẹ́yìn, mọ́tà á máa ṣàn fún wákàtí kan. Tàbí citric acid.

#9 — ÌyáKẹ́míkà

Síláàbù50, á fa símẹ́ńtì sẹ́yìn lóòótọ́. Àmọ́ símẹ́ńtì kọ́ ló ń jẹ mọ́tà wọn níyà láàrin ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú símẹ́ńtì ló ń mú un ki. Ohun tí gluconate ń dí lọ́wọ́ ni símẹ́ńtì, kò fi bẹ́ẹ̀ dí ọ̀dà lọ́wọ́.

Ìṣòro kejì ló tóbi jù. Gáàsì ti ń sáré nítorí ooru. Bí ẹ bá tún fa símẹ́ńtì sẹ́yìn, ẹ ti fẹ àlàfo tó wà láàrin ìgbà tí gáàsì jáde àti ìgbà tí mọ́tà lè dì í mú. Gáàsì á gòkè tán, mọ́tà á rọlẹ̀ padà, àyè á ṣí sílẹ̀ lábẹ́ síláàbù. Ọ̀dà pẹ̀lú rọ́bà fúnra wọn ti ń fa símẹ́ńtì sẹ́yìn, torí wọ́n ń bò ó lójú. Bí ẹ bá fi 0.1% gluconate lé e, 0.1 MPa ọjọ́ kìíní lè má wọlé, ẹ ò sì ní lè tú bóòtù tó gbé síláàbù dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó dandan, ẹ kọ́kọ́ mú mọ́tà wá sí 25 °C, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti 0.03%.

#10 — Síláàbù50

Mo gbà lórí gáàsì, mi ò ro ìyẹn. Lórí yìnyín, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi: iṣẹ́ òru sàn jù ú lọ. Síláàbù náà kì í ká ní òru bíi ti ọ̀sán tí oòrùn bá ń pa orí rẹ̀.

#11 — Olóoru

Iṣẹ́ òru dára. Kò sẹ́ni tó ń bá yín jiyàn.

#12 — Abẹ_Ẹ̀rọ

Ẹ ti sọ̀rọ̀ gáàsì. Afẹ́fẹ́ lásán tó wà níbẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ìpòpọ̀ ló ń fà á wọlé. Bí abẹ bá ń sáré títí tí àárín mọ́tà fi jin bí ìgbà tí omi ń wọ inú ihò, ó ń mu afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Bó ṣe yẹ kó lọ: ọ̀dà olómi, rọ́bà, omi àti ìdajì apafófó ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ̀rọ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Èròjà gbígbẹ tẹ̀ lé e, kó máa dà wọlé díẹ̀díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan sí méjì, eré abẹ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Lẹ́yìn náà eré kíkan fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí símẹ́ńtì má ṣù. Kí ẹ wá fi ìdajì apafófó tó kù sí i, kí ẹ rọra yí i fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìgbà ìkẹyìn yẹn làwọn tó ń kánjú máa ń gé kúrò, òun gan-an ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ ńláńlá fi ń bọ́. Ẹ má da símẹ́ńtì sínú ẹ̀rọ kí ọ̀dà tó wọlé: ojú símẹ́ńtì gbígbẹ tí ọ̀dà bá kọ́kọ́ pàdé á fà á mu, ibẹ̀ á ṣù.

Apafófó 0.15 kg kéré fún rọ́bà 45 kg. Ẹ gbé e gòkè ní 0.05 kg lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ìwúwo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró nígbà tí lítà kan bá wúwo 1.46 sí 1.49 kg. Ẹ má pa gbogbo afẹ́fẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń gba mọ́tà lọ́wọ́ yìnyín níbi tí òtútù ti ń mú. Ọ̀nà ojú irin Harbin sí Dalian, ní agbègbè olótùútù ní Ṣáínà, tí wọ́n ṣí ní 2012, CRTS I ló wà níbẹ̀. Àwọn ńláńlá là ń lé. Apafófó onísílíkónì tó bá pọ̀ jù, ẹ ó rí i bí ojú mọ́tà á ṣe máa ní kòtò róbótó-róbótó.

#13 — Akẹ́kọ̀ọ́Afárá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé gbogbo èyí kan mọ́tà líle tó wà lábẹ́ CRTS II náà? Ẹ̀kọ́ tí mo ń kà dá lé ìyẹn.

#14 — ÌyáKẹ́míkà

Àbúrò, díẹ̀ níbẹ̀ kàn án, púpọ̀ kò kàn án. Irú mọ́tà yẹn wá láti inú síláàbù ilé iṣẹ́ Bögl ti Jámánì. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ 30 mm, kì í wọ inú àpò, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ síláàbù. Agbára ọjọ́ 28 kò gbọdọ̀ dín sí 15 MPa, líle rẹ̀ jẹ́ 7000 sí 10000 MPa. Símẹ́ńtì ló jẹ ọba níbẹ̀, ọ̀dà jẹ́ ìránṣẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ní àmì −, nítorí náà polycarboxylate wà nílé rẹ̀ níbẹ̀, láìsí rẹ̀ kò lè ṣàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1% ìwọ̀n símẹ́ńtì, ẹ máa fi 0.05% gòkè.

Ìjà ibẹ̀ yàtọ̀: polycarboxylate àti ọṣẹ ọ̀dà jọ ń du ojú símẹ́ńtì kan náà. Bí polycarboxylate bá kọ́kọ́ débẹ̀, ó ti gba àga, ọ̀dà á dúró sínú omi, mọ́tà á máa ṣàn pẹ́. Bí ọ̀dà bá kọ́kọ́ débẹ̀, mọ́tà á ki kíákíá. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ pò ó mọ́ omi àti ọ̀dà kí símẹ́ńtì tó wọlé, kì í ṣe kí ẹ wọ́n ọn lé e nígbà tí ó bá ti ki.

Polycarboxylate tó pọ̀ jù máa jẹ́ kí omi yọ lójú mọ́tà. Àwọn kan á wá fi HPMC kún un kó lè ki. 0.01 sí 0.02% ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpò afẹ́fẹ́ ò ní lè gòkè mọ́, wọ́n á há sábẹ́ síláàbù, ìfófó ọ̀hún náà á tún dé láti ọ̀nà míì.

#15 — Ọ̀dàDúdú

Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nípa àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n máa ń dárúkọ:

Eérú èédú: ó lè rọ́pò 10 sí 15% símẹ́ńtì nínú mọ́tà líle, wóró rẹ̀ yí róbótó, ó ń mú un ṣàn. Agbára ọjọ́ kìíní á wálẹ̀. Nínú mọ́tà rírọ̀ tí agbára ọjọ́ kìíní rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, mi ò ní fi síbẹ̀.

Silica fume (lúbúlúbú sílíkà tó kúnná gan-an): ojú rẹ̀ pọ̀ jù, ó ń fa omi àti ọ̀dà mu. Kò sí ohun tó wá ṣe níbí.

Fọ́nrán polypropylene 6 mm, 0.6 sí 0.9 kg fún 1 m³: ó ń dí kí mọ́tà má sán nígbà tó ń gbẹ. Kì í fi agbára kún un. Bó bá gùn ju 6 mm lọ, á dí ẹnu àrọ, á sì dí ẹnu àpò.

Rọ́bà táyà lílọ̀: ó fúyẹ́ ju mọ́tà lọ, lítà kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.1 kg, ti mọ́tà jẹ́ 1.48. Á léfòó. Àfi bí mọ́tà bá ki, bó bá sì ki kò ní wọ inú àpò dé igun.

#16 — Akẹ́kọ̀ọ́Afárá

Ẹ ṣeun mà. Bí etí mọ́tà líle bá ṣí kúrò lára síláàbù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣé rọ́bà olómi púpọ̀ sí i ló máa wò ó sàn?

#17 — Síláàbù50

Rárá. Ohun tó ń ṣí i ni síláàbù tó ń ká. Oòrùn ń gbóná lé e lórí, abẹ́ rẹ̀ tutù, àárín rẹ̀ á wú sókè. Lóru, etí rẹ̀ á gbé sókè. Rọ́bà ń jẹ́ kí mọ́tà lẹ̀ dáadáa, ó ń dín omi tó ń wọ inú rẹ̀ kù, àmọ́ kò lè di síláàbù tó fẹ́ ká mú. Bí omi òjò bá ti wọ inú àyè yẹn, ọkọ̀ tó ń sáré kọjá á máa tẹ̀ ẹ́, omi á máa tú jáde pẹ̀lú agbára, á sì máa gbẹ́ mọ́tà lọ. Kí wọ́n tètè dí etí kí omi má wọlé, kí iṣẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń da mọ́tà sì dára: ìpìlẹ̀ tí a fi omi rin, tí omi ò sì dúró lórí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ gbígbẹ á fa omi mọ́tà mu. Ìpìlẹ̀ tí omi dúró sí á sọ ìsàlẹ̀ mọ́tà di ẹrẹ̀. Wọn ò lo mọ́tà yìí mọ́ nínú CRTS III, kọnkéré tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

#18 — LáàbùKejì

A ti ṣe báketì mẹ́ta. Èyí tó wà bó ṣe wà: ìfófó 4 mm. Láìsí alumíníọ̀mù: 1.5 mm. Láìsí rọ́bà: 3 mm. Rọ́bà yege lórí asẹ́ pẹ̀lú omi símẹ́ńtì. Nítorí náà, gáàsì ló tóbi jù, rọ́bà ló tẹ̀ lé e. Àpòpọ̀ tí a fẹ́ dán wò báyìí: omi padà sí 60 kg, kò sí polycarboxylate, ọ̀dà olómi ní 22 °C, omi ní 5 °C, alumíníọ̀mù 25 g tí a pò mọ́ amúwú, apafófó 0.25 kg ní ìdajì-ìdajì, eré jẹ́ẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì ní ìparí. Ṣé ó tọ́?

#19 — OníAlumíníọ̀mù

Ó kù díẹ̀. Bí mọ́tà bá ti wá sí 24 °C, 25 g lè má tó mọ́; torí 32 °C ni mo fi sọ ọ́. Ẹ po ti 25, 30 àti 35. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bu mọ́tà sínú sílíńdà 250 ml nígbà mẹ́ta: kété tó jáde, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn ogójì. Ẹ ka wíwú wọn ní wákàtí 24. Èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ àti ti ogún ìṣẹ́jú kò bá yàtọ̀ ju 0.5% lọ, tí méjèèjì sì wà láàrin 1 sí 3%, òun ni kí ẹ mú. Bí ti ogún ìṣẹ́jú bá já wálẹ̀ gan-an, gáàsì ṣì ń jáde nínú ẹ̀rọ: ẹ wá lúbúlúbú tí kò wẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má fi iye rẹ̀ kún.

#20 — Abẹ_Ẹ̀rọ

Ẹ sì fi apafófó sílẹ̀ ní 0.15 nígbà tí ẹ bá ń wá iye alumíníọ̀mù. Ẹ mú ìyẹn kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí 0.25, torí apafófó ń jẹ́ kí alumíníọ̀mù tètè rin, ó lè yí àkókò gáàsì padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i, ẹ tún sílíńdà ogún ìṣẹ́jú ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.